Abẹ́rẹ́ Wọ̀ Mí Lẹ́sẹ̀, Mi Ò Mọ̀

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún lọ́sibítù pé ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, tí ẹ di káàdì mú lọ́wọ́, tí ẹ jókòó síta tí ẹsẹ̀ yín ò fẹ́ gbé yín lọ sílé, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí. Èmi kì í ṣe dókítà. Télọ̀ ni mí. Bùràímọ̀ lorúkọ mi, Ẹnu Ọwá ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń gbé. Ọnà ni mo ń fi ẹ̀rọ ṣe sára agbádá àti bùbá nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn Ọjà Balógun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mo fẹ́ sọ, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, àti ibi tí mo ti ṣìnà, kí ẹ̀yin má bàa gba ibẹ̀.

Òùngbẹ ló kọ́kọ́ dé. Kì í ṣe òùngbẹ oòrùn tí gbogbo wa mọ̀. Mo lè mu píọ̀wọ́tà márùn-ún léra wọn, kí ẹnu mi tún gbẹ bí ẹnu ẹni tó lá ìyẹ̀fun. Tí omi ò bá tẹ́ mi lọ́rùn, màá ra mínírà tútù. Mínírà yẹn dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì rò pé òun ló ń gbé mi ró. Tí mo bá sùn, mo máa ń rí ìyá mi tó ti di olóògbé. Wọ́n á dúró sídìí ìkòkò omi ńlá tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n á bu omi fún mi, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Màá mu ún títí, omi ò ní tán. Tí mo bá jí, ìtọ̀ ni màá sáré lọ tọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ṣòkòtò mi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nídìí. Àwọn oníbàárà á ní, “Télọ̀, ẹ mà ń padà di ọ̀dọ́ o.” Inú mi á dùn. Tó bá di ọ̀sán, ìkùukùu funfun kan á bò mí lójú, àwọn léèsì tí wọ́n fi kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù iwájú mi á máa léfòó, bí ọkọ̀ ojú omi tó ta ìgbòkun. Màá dá iṣẹ́ dúró, màá máa wò wọ́n.

Nígbà tó yá, ilẹ̀ pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà sí mi. Màá gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ ni mo ń tẹ̀. Ó dà bíi pé ẹnìkan ti tẹ́ òwú sí gbogbo ọ̀nà Èkó, láti Ẹnu Ọwá títí dé Balógun, nítorí tèmi nìkan. Kò dùn mí rárá. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyẹn. Àìsàn yìí ò fi ariwo wọlé tọ̀ mí wá. Ó rọ̀, ó tutù, bí ìgbà tí oorun ọ̀sán bá ń gbé èèyàn lọ lórí àga. Mo sì jẹ́ kó gbé mi lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo jí. Mo jókòó síwájú mọ́sálásí, mò ń ṣe àlùwàlá. Mo fọ ọwọ́, mo fọ ojú, mo pa orí, mo wá bọ́ sórí ẹsẹ̀. Omi tó ń ṣàn lọ nínú gọ́tà pupa. Mo tẹjú mọ́ ọn. Ó tiẹ̀ rẹwà lójú mi, bí aró pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi là. Mò ń bi ara mi pé ta ló ń fọ aṣọ pupa nítòsí ibí. Ọkùnrin tó jókòó tì mí ló di apá mi mú.

“Télọ̀, ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀ lẹ́sẹ̀ yín.”

“Ẹsẹ̀ ta?” ni mo bi í.

“Ẹsẹ̀ yín! Ẹsẹ̀ ọ̀tún yín!”

Mo gbé ẹsẹ̀ sókè. Ìdajì abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ló wọlé ṣinṣin sí àtẹ́lẹsẹ̀ mi, lábẹ́ ọmọ ìka tó kéré jù. Mo rántí pé ọjọ́rú ni abẹ́rẹ́ ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, tí mo wá ìdajì rẹ̀ títí tí mi ò rí i. Ó ti di ọjọ́ kẹta tí mo ti ń fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ ẹ̀rọ, tí mo ń fi í gun àtẹ̀gùn ilé wa, tí mo ń fi í rìn lọ rìn bọ̀, tí ara mi ò sọ nǹkankan fún mi. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè dìde kírun. Irin wà nínú ẹran ara mi, èmi tí mo ni ẹran ara náà ò gbọ́.

Ìyàwó mi ló mú mi lọ sí ọsibítù ìjọba lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Rísíkátù lorúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Àwáwù ni mo ń pè é, orúkọ ọmọ wa obìnrin tó ti wà nílé ọkọ. Irú àti edé ló ń tà ní Èbúté Èrò. A dé ọsibítù kí ojú ọjọ́ tó là dáadáa, síbẹ̀ bẹ́ǹṣì ti kún. Tí wọ́n bá pe ẹnìkan wọlé, gbogbo wa á sún díẹ̀ síwájú. Ìdí la fi rin ìrìn-àjò yẹn látàárọ̀ títí di ìgbà tí oòrùn wọ ojú fèrèsé kan bọ́ sí ìkejì. Fáànù òkè rọra ń yí. Màmá kan tí mi ò mọ̀ rí gbórí lé mi léjìká, wọ́n sùn lọ. Ó ṣe mí bíi pé inú ọkọ̀ ojú omi ni gbogbo wa wà, pé ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ ẹ̀ ti dé èbúté tiẹ̀ nìyẹn.

Dókítà tó dá mi lóhùn kò lè ju ọmọ mi lọ. Wọ́n gún mi níka, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀rọ kékeré kan. Ó wo ẹ̀rọ náà, ó wò mí, ó tún wo ẹ̀rọ náà.

“Bàbá, ta ló tẹ̀ lé yín wá?”

“Ìyàwó mi ni.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n wọlé.”

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sórí àga yẹn rí, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ṣe máa ń wúwo. Ìyá Àwáwù wọlé, ó dúró sẹ́yìn mi. Dókítà ní ìtọ̀ ṣúgà ni, pé ó ti pẹ́ lára mi kí n tó mọ̀, pé òun ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi kú tipiri.

“Ṣé ó máa lọ?” ni mo bi í.

“Kò ní lọ, bàbá. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ lè bá a gbé títí ẹ ó fi darúgbó, tí ẹ bá ń lo oògùn yín, tí ẹ bá ń ṣọ́ ohun tí ẹ ń jẹ, tí ẹ bá sì ń ṣọ́ ẹsẹ̀ yìí bí ojú.”

Wọ́n yọ abẹ́rẹ́ náà, wọ́n di egbò, wọ́n fún mi ní oògùn oníhóró, wọ́n ní kí n máa wá kí wọ́n bá mi wẹ egbò. Ká ní mo ṣe gbogbo ohun tí ọmọ yẹn sọ ni, ìtàn mi ì bá kúrú.

Ilé ẹbí la ń gbé, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí bàbá bàbá wa kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Alájà Kúdírátù, ni olórí ibẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi jù mí lọ. Ìgbà tí ìyá wa kú, àwọn ló tọ́ mi, àwọn ló sanwó iṣẹ́ tí mo kọ́. Títí dòní, oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé, ìkòkò kan ni, ọwọ́ wọn sì ni ìkòkò náà wà. Nígbà tí mo délé tí mo sọ ohun tí dókítà wí, wọ́n dìde dúró.

“Ìtọ̀ ṣúgà? Nínú ilé yìí? Bàbá wa ò ní in, ìyá wa ò ní in. Bùràímọ̀, ayé ló ń bínú ẹsẹ̀ ẹ, torí òun lo fi ń jẹun.”

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé ìgò àgbo kan dé láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tà á ní ìtòsí Ìdúmọ̀tà. Ó dúdú, ó korò, ó ń hó nínú ìgò. Wọ́n ní ọkùnrin náà búra pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣúgà á wábi gbà. Ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ pa á pọ̀ mọ́ oògùn òyìnbó.

Ìyàwó mi kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, dókítà ní kí wọ́n má fi oògùn yẹn sílẹ̀.”

“Ìyá Àwáwù, ìgbà tí ibà ń jó ọkọ ẹ bí iná ní kékeré, ta ló gbé e pọ̀n? Ṣé dókítà ni?”

Ìyàwó mi dìde, ó wọ yàrá lọ. Mo ju hóró oògùn sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mu àgbo.

Mi ò ní gbé ẹ̀bi lé ẹ̀gbọ́n mi lórí. Ẹnu ara mi ni mo fi mu ún. Bẹ́ǹṣì yẹn ti sú mi. Oògùn oníhóró, tó bá tán, màá tún rà á, ṣùgbọ́n àgbo, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbé e fún mi. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ó wù mí kí n gba ẹni tó ní àìsàn mi máa lọ gbọ́, ju ẹni tó ní kò ní lọ. Ẹ kíyè sí ara yín níbẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kí ẹ da oògùn yín nù, ó lè fẹ́ràn yín dénú, kó sì jẹ́ pé òun ló máa sin yín.

Ìfẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ò mọ sórí àgbo. Wọ́n rí i pé mo ti rù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ mi. Ẹ̀bà ràgàjì ní ọ̀sán, dòdò ní ìrọ̀lẹ́, ògì oníṣúgà ní àárọ̀. “Jẹun, Bùràímọ̀. O ti gbẹ jù.” Wọ́n á jókòó tì mí títí màá fi jẹ ẹ́ tán. Mo jẹ ẹ́ tán lójoojúmọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, egbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ìyá Àwáwù á fi lọ́fínńdà sí yàrá, kò ní sọ ìdí tó fi ń fi í. Ibà dé. Mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní lẹ́bàá fèrèsé ní ọ̀sán kan, oorun kan tí kì í ṣe oorun sì gbé mi. Mo rí i pé ọ̀sà ti jáde kúrò ní Èbúté Èrò, ó ń bọ̀ ládùúgbò wa, kò bínú, kò pariwo. Ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn, ó gbé ẹní tí mo sùn lé sókè. Àwọn agbádá tí mo ti ṣe ọnà sí láti ọdún tó ti pẹ́ ń léfòó káàkiri mi, funfun, elésè-àlùkò, aláwọ̀ òféfèé. Ó tutù dáadáa. Ìyá mi dúró lókèèrè, wọ́n na kọ́ọ̀pù omi sí mi. Mo ti fẹ́ máa lọ gbà á. Ohùn kan ló ń dí mi lọ́wọ́, ohùn obìnrin, ó ń pe “Bàbá Àwáwù! Bàbá Àwáwù!” bí ẹni tó ń pe ọkọ̀ tó ti kúrò ní èbúté.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níta orí mi, wọ́n sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà ni. Ìyàwó mi ti sáré lọ sí ìsọ̀ ẹ̀, ó mú alábàárù méjì wá, àwọn ọkùnrin tó ń bá a ru àpò edé. Wọ́n yí mi sínú ẹní, wọ́n gbé mi sọ̀kalẹ̀ bí ẹrù ọjà. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sí ẹnu àtẹ̀gùn.

“Ibo lẹ ń gbé e lọ?”

Láti ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ, Rísíkátù ò tíì sọ̀rọ̀ níwájú Alájà lórí ìdúró rí. Lọ́jọ́ yẹn, kò kúnlẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ máa bá mi wí tí mo bá padà dé. Ọsibítù ni mò ń gbé ọkọ mi lọ.” Ó sì kọjá.

Ìgbà tí ojú mi là, dókítà kékeré yẹn náà ló dúró tì mí. Kò jágbe mọ́ mi. Ó ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún mi méjì ti kú, pé tí wọn ò bá gé wọn, ikú náà á gòkè dé orúnkún. Mo ní, “Dókítà, ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ ẹ̀rọ nìyẹn.” Ó ní, “Mo mọ̀, bàbá. Ẹ jẹ́ ká sáré gbà á sílẹ̀ nígbà tó ṣì kù.” Mo buwọ́ lùwé. Orúkọ mi wọ́ lórí ìwé náà bí iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọnà.

Wọ́n gé ọmọ ìka méjì. Ẹ̀rọ méjì ni mo ní, a ta ọ̀kan. Àwọn ará mọ́sálásí wa dá owó jọ, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ọ̀sẹ̀ tí mo lò ní wọ́ọ̀dù yẹn pọ̀, gbogbo wọn sì papọ̀ di ọjọ́ gígùn kan ṣoṣo lójú mi, tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kàn ń rìn lára ògiri, tó ń lọ, tó ń bọ̀.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n gé e ni ẹ̀gbọ́n mi wá. Wọ́n fa gèlè bo iwájú orí. Wọ́n jókòó. Wọ́n wo báńdéèjì náà.

“Mo ti rí ọmọ dókítà yẹn,” ni wọ́n wí. “Ó jókòó tì mí, ó ṣàlàyé fún mi bí ọmọ tó ń ṣàlàyé fún ìyá ẹ̀. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi, Bùràímọ̀.”

Mo na ọwọ́ sí wọn. Wọ́n dì í mú títí wọ́n fi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ, torí ibẹ̀ ló ń dẹ́rù ba àwa tówó ò pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ní wọ́ọ̀dù, gbogbo ẹni tó kọjá ló ń kọ́ ìyàwó mi ní ohun tó yẹ kó rà: ọkà inú agolo, ìyẹ̀fun àlìkámà pàtàkì, ṣúgà tí kì í ṣe ṣúgà, èso tí wọ́n ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù tútù ní erékùṣù kejì. Ìyá Àwáwù kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé, ó lọ bèèrè. Ó padà wá lọ́wọ́ òfo, ó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi, omi lé sí i lójú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí i kó sunkún látìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wọn ń pè ní Màámi. Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n kà á, wọ́n ká a, wọ́n fi í sápò.

“Kí lẹ máa ń sè nílé?”

“Ẹ̀bà, ma. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja ṣàwá, ìrẹsì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.”

“Ta ló wá ní kí ẹ lọ ra nǹkan míì? Ẹ gbé abọ́ tó fi ń jẹun wá.”

Wọ́n fi ìka pín abọ́ náà. Wọ́n ní ìdajì ẹ̀, ẹ̀fọ́ ni, kó kún dáadáa. Ìdajì tó kù, ẹ pín in sí méjì: ẹ̀wà tàbí ẹja lápá kan, ẹ̀bà lápá kejì, kó má ju ìkúùkù ọwọ́ ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lọ. Epo, ṣíbí kan. Mínírà, kó dágbére fún un. Wọ́n ní kí n máa jẹun lákòókò, kí n má fi ebi pa ara mi kí n tó lo oògùn, kí n máa rìn lójoojúmọ́ tí egbò bá ti jiná. “Ìyẹn náà ni,” ni wọ́n wí. “Oúnjẹ tí ìyá yín sè fún yín ni. Ìwọ̀n ẹ̀ lẹ pàdánù.”

Ìyá Àwáwù nu ojú. Ọ̀rọ̀ ọjà ni wọ́n bá a sọ, ó sì mọ ọjà. Ní Èbúté Èrò, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ kì í fẹ́ gbé ẹ̀fọ́ padà sílé. Ìgbà yẹn ló máa ń lọ bá wọn. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro, èyí tó bá wà. Irú tiẹ̀ ló fi ń sè é dípò magí, ọbẹ̀ náà sì ń ta sánsán débi pé àwọn ará ilé ń wá tọ́ ọ wò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, tó bá pọ̀ lọ́jà. Ikàn tútù àti ẹ̀pà díẹ̀ tí ebi bá fẹ́ pa mí nídìí ẹ̀rọ. Owó tí mo ti ń fi ra mínírà tẹ́lẹ̀ ló ń ra oògùn mi báyìí. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní kí ẹ lówó kí ẹ tó lè ní ìlera. Mo gbà á gbọ́ nígbà kan, ẹ̀rù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí ju àìsàn lọ.

Mi ò ní tàn yín pé ó rọrùn. Oṣù àkọ́kọ́, mò ń lálàá ẹ̀bà. Mo lá àlá kan tí ẹ̀bà ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa, tí wọ́n ní kí n fi àkàsọ̀ gùn ún. Mo bínú sí ìyàwó mi. Mo bínú sí ẹ̀fọ́. Mo rí àwọn tó ń jẹ búrẹ́dì lójú ọ̀nà, ó ṣe mí bíi pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tó oṣù mẹ́ta kí ẹnu mi tó gbàgbé, kí ẹ̀fọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn fúnra ẹ̀.

Ìrìn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, màá gbọn bàtà mi wò bóyá nǹkan wà nínú ẹ̀, màá wọ̀ ọ́, màá mú ọ̀pá, màá máa lọ létí omi. Ní àkókò yẹn, Ìsàlẹ̀ Èkó ò tíì di ti ẹnikẹ́ni. Ìkùukùu máa ń wà lórí ọ̀sà. Ọkọ̀ á yọ nínú ẹ̀ láìsí ohùn, pẹ̀lú àpò gààrí àti agbọ̀n ata, bí ohun tí ìkùukùu fúnra ẹ̀ rán wá. Òórùn ẹja gbígbẹ, òórùn igi tútù. Mi ò mọ ilẹ̀ lára dáadáa, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mò ń rìn. Kò sẹ́ni tó ń gbowó lọ́wọ́ mi níbẹ̀.

Tí mo bá dé, Ìyá Àwáwù á ní kí n jókòó sójú fèrèsé. Á gbé ẹsẹ̀ mi lé itan ẹ̀, á wo àtẹ́lẹsẹ̀, á wo àárín ìka kọ̀ọ̀kan tó kù, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka lẹ́tà tó dé láti ọ̀nà jíjìn. “Kò sí nǹkankan,” á wí. Ìgbà yẹn ni ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ fún mi.

Ọdún àkọ́kọ́ yẹn, dókítà ní kí n má gba ààwẹ̀. Mo sunkún lórí ẹ̀, èmi àgbàlagbà. Álífáà wa ní Ọlọ́run tó fi ààwẹ̀ ṣe ọ̀ranyàn ló fi ọ̀nà sílẹ̀ fún aláìsàn, kí n máa bọ́ aláìní kan lójúmọ́. Mo ní kí ni èmi ní. Wọ́n ní, “Bu nínú ohun tí o ń jẹ.” Bẹ́ẹ̀ ni bàbá kan tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò wa ṣe fi ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ mi ṣínu títí oṣù fi parí.

Iṣẹ́ náà padà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì ni mo fi ń tẹ ẹ̀rọ báyìí. Ọnà àkọ́kọ́ tí mo ṣe wọ́ bí ipa ẹsẹ̀ afọ́jú. Mo tú u, mo tún un ṣe. Ó ti tọ́ báyìí. Oníbàárà tó mọ̀ mí tẹ́lẹ̀ ní òun ò rí ìyàtọ̀, èmi nìkan ni mo ń rí i.

Ó ti di ọdún kẹta. Ṣúgà mi máa ń gòkè nígbà míì, á tún sọ̀kalẹ̀. Mi ò tíì fi oògùn mi sílẹ̀ lọ́jọ́ kan láti ìgbà yẹn. Ìkùukùu ojú mi ti ká, mo lè fi okùn wọ abẹ́rẹ́ láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ mi ṣì kú, ó sì lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló máa wà. Mo ti gba ìyẹn.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni mo ṣàkíyèsí ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ń bèèrè omi ṣáá. Wọ́n á mu kọ́ọ̀pù kan, wọ́n á tún na ọwọ́. Mo wo ọrùn ọwọ́ wọn, ìlẹ̀kẹ̀ wọn ti tóbi jù fún un. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ jókòó tì wọ́n.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ sórí bẹ́ǹṣì.”

Mo ń retí pé wọ́n á jágbe mọ́ mi. Wọ́n wo ilẹ̀. “Ẹ̀rù ń bà mí, Bùràímọ̀,” ni wọ́n wí. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn rí láyé mi.

A lọ. A sún díẹ̀díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì títí ó fi kàn wá. Nígbà tí nọ́ọ̀sì mú ìka wọn, wọ́n di ojú, wọ́n fi ọwọ́ kejì di apá mi. Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀rọ ẹ̀. Ó ní ó ti ga o, màmá, ṣùgbọ́n ẹ tètè wá, kò tíì ba nǹkankan jẹ́. Wọ́n kọ oògùn fún wọn. A jáde síta, oòrùn bò wá lójú. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo àwọn èèyàn tó ń lọ.

“Kí la wá máa jẹ báyìí?”

“Ẹ jẹ́ ká gba Èbúté Èrò lọ. Ìyá Àwáwù á ti máa ṣa ẹ̀fọ́.”

A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Wọ́n di apá mi mú, èmi ń fi ọ̀pá mi kan ilẹ̀.

“Bùràímọ̀, má sáré.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìka ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló kù fún mi. Níbo ni mo ti fẹ́ rí eré sá?”

Wọ́n dúró. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n. Ẹ̀rín ló gbé wọn, ẹ̀rín tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo wà ní kékeré, débi pé wọ́n fi gèlè nu ojú. A dúró lójú ọ̀nà títí ó fi kúrò lára wọn. Lẹ́yìn náà, a rọra ń lọ.